Ọjọ́ Tí Àpáta Gbá Ṣòkòtò Mi Mú

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi, bí mo ti ń sapá tó láti gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sórí àpáta níwájú ilé mi ní Ìpara bí ọba tó wà lórí ìtẹ́, àwọn obìnrin àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé bí iná bá mú òrùlé ilé mi lásìkò yẹn, ibi tí mo jókòó sí náà ni màá ti máa wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ọtí ni mo mu.

Tíṣà ni mí, tàbí kí n ní tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Èmi àti ìyàwó mi la jọ kọ́ ilé tí mo ń gbé díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ṣàgámù. Nígbà tí a gba ilẹ̀ náà, àpáta ńlá kan ti wà níbẹ̀. Ó ga tó ìbàdí mi, ó gùn tó mọ́tò, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ níhà ọ̀nà. Àwọn bíríkìlà ní kí a fọ́ ọ dànù. Ìyàwó mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní òun ti rí ibi tí òun yóò máa jókòó sí. Bó ṣe wí náà ló rí. Orí àpáta yẹn ló ti máa ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ló ti máa ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ náà ló ti máa ń bá àwọn tó ń ti oko bọ̀ sọ̀rọ̀ títí tí ọbẹ̀ yóò fi jóná sídìí ìkòkò. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn wá, wọ́n kún inú ilé, wọ́n kún ìta, wọ́n sì padà lọ. Ó wá ku èmi àti àpáta.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, Títí la máa ń pè é. Èkó ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tó wọ ọ̀dọ̀ wa kò fẹ̀. Ògiri ilé Alàájì tó ń ta obì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àpáta wà lọ́wọ́ òsì. Títí gba àárín wọn bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn àpáta ha mọ́tò náà lára láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo ibi tó ha, ó sì wọlé. Kò pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ mi kó tó padà. Láti ìgbà náà, bó bá pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Ìsinmi, tí mo sì béèrè ìgbà tí yóò tún wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ.

"Dádì, àpáta yẹn ni. Ibo ni kí n gba mọ́tò wọlé?"

Mo gbà á gbọ́. Ẹ rántí pé ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Lójú tèmi, bí nǹkan kan bá dí ọ̀nà láàárín èèyàn méjì, kí a ṣáà yọ ọ́ kúrò ni, àwọn méjèèjì á pàdé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú pàápàá, torí pé mo ti ń bẹ̀rù pé èmi gan-an ni kò fẹ́ wá wò.

Ìdáwà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹnu sọ tán. Mo ń se ọbẹ̀ bí ẹni pé èèyàn méjì ló fẹ́ jẹ ẹ́, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Mo máa ń kí rédíò káàárọ̀. Nígbà míì, tí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, màá dá a dúró, màá ṣàlàyé fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dúró rí. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á kọjá níwájú ilé, wọ́n á wo orí àpáta, wọ́n á kí mi láti ọ̀nà, wọ́n á sì máa lọ. Kò sí ẹni tó ń bínú sí mi. Ìyàwó mi ni wọ́n ń yà bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èmi kàn máa ń wà nínú ilé ni.

Bí mo ṣe pinnu láti fọ́ àpáta nìyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rí àwọn ọkùnrin tó ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà Ìṣarà. Wọn ò lo ẹ̀rọ kankan. Wọ́n á dáná sórí àpáta títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù lé e lójijì, yóò sì sán. Wọ́n á wá ki irin bọ ibi tó sán, wọ́n á fi òòlù ńlá lu irin náà wọlé títí tí àpáta yóò fi là. Mo ní òòlù ńlá. Mo ní irin gígùn tí a fi ń gbẹ́ kòtò. Àsìkò ló pọ̀ lọ́wọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi fẹ́ fọ́ ohun tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, gbogbo Ìpara ni yóò sì gbọ́ pé Tíṣà ń fọ́ àpáta kí ọmọ rẹ̀ lè wá wò ó. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní wèrè ju kí wọ́n mọ̀ pé àárò ọmọ ń sọ mí.

Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ ní ìkọ̀kọ̀, bí ìkọ̀kọ̀ bá wà ní Ìpara. Mo ní kí wọ́n bá mi já igi ìdáná sílẹ̀ láti oko, ó sì ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo lọ yá dúrọ́ọ̀mù omi lọ́wọ́ Ìyá Kẹ́hìndé. Àgbà obìnrin ni, ẹ̀yìnkùlé mi ni ilé rẹ̀ wà, òun àti ìyàwó mi ni wọ́n sì jọ máa ń jókòó sórí àpáta. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi dúrọ́ọ̀mù ṣe. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ óò rí i tó bá yá." Ó wò mí, ó mi orí, ó sì fún mi ní dúrọ́ọ̀mù kejì tí mi ò béèrè.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti fura. Láàárín wa níbí, ẹni tó bá ń kó igi jọ, tó ń yá dúrọ́ọ̀mù omi, tó sì ń sọ pé ẹ óò rí i tó bá yá, ìnáwó ló fẹ́ ṣe. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bí ọmọ, tí mo sì ti sin ìyàwó láàárín wọn, ó fò mí lórí.

Mo tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́ sí i. Mo ro ibi tí Títí yóò gbé mọ́tò sí, mo sì gbá a mọ́ tónítóní. Mo fọ kọ́tìnnì yàrá rẹ̀. Mo lọ gẹrun. Nígbà tí mo wá tẹ fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò, tí mo rí i pé ó ti dẹ̀, mo ní ọmọ tó bá wá láti Èkó yẹ kó lè sùn dáadáa, bóyá á pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Mo lọ ra tuntun ní Ṣàgámù. Orí mọ́tò èrò ni wọ́n so ó mọ́ títí dé Ìpara. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èmi fúnra mi ló rù ú láti ojú títì wọlé, pẹ̀lú orí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Alàájì jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa obì. Ó wo fóòmù, ó wo orí mi, ó rọra gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá mi kalẹ́. Mo ní àmín, mo sì kọjá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oorun lásán ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dáná. Ọyẹ́ mú gan-an, kò sì sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Apá ẹ̀yìn àpáta ni mo to igi sí, níbi tó jìnnà sí ojú ọ̀nà. Mo sọ fún ara mi pé nítorí atẹ́gùn ni. Iná náà ràn dáadáa, èéfín rẹ̀ sì wọ ilé Alàájì, ó wọ ilé Ìyá Kẹ́hìndé, ó tún bọ́ sójú ọ̀nà lọ bá àwọn tí kò tíì gbọ́. Èmi dúró tì í, mo ń gbéra ga. Nígbà tó gbóná tó, mo wọ́ àwọn ẹyin iná tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fa garawa omi kan láti inú dúrọ́ọ̀mù, mo súnmọ́ àpáta, mo sì dà á lé e lórí.

Àwọn ọkùnrin ojú ọ̀nà Ìṣarà, mo rántí báyìí pé ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti máa ń ju omi náà. Èmi dúró sí ibi tí mo ti lè rí i dáadáa. Ooru gbígbóná àti eérú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì wá bá mi. Mo fi ẹ̀yìn rìn, mo fẹsẹ̀ kọ garawa, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ tí omi tí mo dà pò. Nígbà tí mo fọwọ́ kan iwájú orí mi, irun ojú ọ̀tún ò sí níbẹ̀ mọ́. Òsì wà níbẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Àpáta náà dún gbàù. Mo dìde, mo lọ wò ó, mo sì rí i pé ó ti sán lóòótọ́, orí rẹ̀ níhà ibẹ̀ ti ṣí kúrò lára ìyókù bí ìdérí. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mo fi ṣòkòtò ẹlẹ́rẹ̀ jó yí àpáta ká. Mo yíjú sílé, mo sì la ẹnu pé, "Ìyá Títí, wá wò ó." Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí. Mo pa ẹnu dé, mo sì lọ gbé irin.

Ṣòkòtò tí mo wọ̀, kẹ̀ǹbẹ̀ àtijọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gba èèyàn mìíràn mọ́ mi. Mo wọ̀ ọ́ nítorí pé gbogbo aṣọ mi yòókù ni mo ti fọ̀ tí mo sì sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé, tí mo bá sì ní gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ náà ni, títí kan àwọn àwọ̀tẹ́lẹ̀. Mo ti fẹ́ kí Títí bá ilé tó mọ́. Nígbà tí àpáta tutù, mo gun orí rẹ̀, mo ki irin sábẹ́ ibi tó ṣí, mo gbé e sókè, mo fi òkúta kékeré kan gbé e ró kó má baà padà sílẹ̀. Mo wá gbé òòlù. Mo lu irin lẹ́ẹ̀kan, kò mira. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú agbára tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Òkúta kékeré náà ta jáde, ó fò lọ sínú oko, ìdérí àpáta náà sì padà sílẹ̀ gbì. Mo fà sẹ́yìn kíá, mo jókòó lulẹ̀ lórí àpáta. Mo ka ẹsẹ̀ mi, wọ́n pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fẹ́ dìde, ṣòkòtò ò dìde.

Àpáta ti gbá ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú. Mo fà á, kò gbọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò gbọ́. Irin náà ti yọ bọ́ sílẹ̀, níbi tí ọwọ́ mi ò ti lè tó o. Aṣọ kẹ̀ǹbẹ̀ ayé àtijọ́, àwọn tó hun ún ò fi ṣeré, bí ìbá ṣe ti ìsinsìnyí ni, ìbá ti ya.

Fóònù mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lójú fèrèsé. Orin ìjọ tí mo fi sí i fún Títí nìkan ló ń kọ. Kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, kì í sì í pè mí lọ́jọ́ mìíràn. Ó dún títí, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, ọmọ tí mo ń tìtorí rẹ̀ fọ́ àpáta ń pè mí, àpáta ò sì jẹ́ kí n gbé e. Ó dùn mí ju ooru tó jó mi lójú lọ.

Mo rò ó pé kí n kígbe. Ṣùgbọ́n ta ni kí n pè? Ọdún pípẹ́ ni mo fi ń pe orúkọ kan ṣoṣo nínú ọgbà yẹn, bí mo bá sọ òòlù nù, bí mo bá ń wá awò ojú mi, bí òjò bá ń bọ̀. Mo wá rí i pé ẹnu mi ò mọ orúkọ mìíràn tí yóò pè. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi níbẹ̀, mo sì fi eérú ojú mi ṣe àwáwí fún ara mi.

Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí n bọ́ ṣòkòtò náà sílẹ̀ fún àpáta, kí n sáré wọlé bí Ọlọ́run ṣe dá mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́nìkan. Mo tú okùn ṣòkòtò. Bí mo ṣe tú u tán ni mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin.

Wọ́n ń bọ̀ láti ilé Ìyá Kẹ́hìndé, òun ló síwájú. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó, wọ́n mú ọ̀bẹ dání, àwọn kan ru iṣu ewùrà, ẹnì kan mú páànù tí a fi ń rin ín lọ́wọ́. Mo fa bùbá mi bo itan, mo sì jókòó dáadáa. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí mi kú ìnáwó. Mo ní kí wọ́n dìde, mo béèrè ara ilé, mo béèrè ọmọ. Wọ́n ń wo ojú mi tí kò ní irun mọ́ lápá kan, wọ́n sì ń wo ara wọn.

Ìyá Kẹ́hìndé ò kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, torí ó jù mí lọ. Ó dúró níwájú mi, ojú rẹ̀ ò sì dùn, ohùn Rẹ́mọ rẹ̀ sì jáde.

"Tíṣà, a mọ̀ pé ẹ ò pè wá. Ṣùgbọ́n èmi àti ìyàwó yín la jọ ń jókòó sórí àpáta yìí. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú wọnú ulé yìí, kò dáa kẹ́ ẹ dá a ṣe bí ẹni tí ò léèyàn."

Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ fóòmù àti orí gígẹ̀ àti àdúrà Alàájì tò sójú kan lọ́kàn mi. Ìyàwó ni wọ́n rò pé mo fẹ́ gbé. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹni tí okùn ṣòkòtò rẹ̀ ti tú kì í lè fi gbogbo ọkàn ṣàlàyé. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jókòó." Ìyá Kẹ́hìndé yíjú sí àwọn tó kù, ó béèrè lọ́nà tí àwọn àgbà Rẹ́mọ ń gbà sọ̀rọ̀ pé, "Uṣu dà? Ìkòkò dà?" Wọ́n lọ wo dúrọ́ọ̀mù, omi nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n lọ wo ilé ìdáná, ọbẹ̀ àná mi ni wọ́n bá. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn ọkùnrin ò mọ nǹkan, ẹ wo ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó tí kò ra ata. Wọ́n bá tẹ́ àpótí wọn yí iná tí mo fi yan àpáta ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó ewùrà tí wọ́n gbé wá, kí n má baà tẹ́ lójú àna.

Alàájì dé pẹ̀lú. Ó fi obì tó dáa sínú abọ́ fún mi, ó dúró níwájú mi, ó sì tẹ́wọ́ àdúrà fún èmi àti ìyàwó tuntun. Ó tọrọ ìfẹ́, ó tọrọ sùúrù, ó wá tọrọ ìbejì. Àwọn obìnrin ń ṣe àmín kíkankíkan. Ọwọ́ kan ni mo lè gbé sókè, torí èkejì wà ní ẹnu ṣòkòtò. Mo ṣe àmín sí ìbejì náà.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun kan tó jẹ́ òtítọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìtìjú yẹn, apá kan nínú mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ó ti pẹ́ tí ohùn èèyàn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níwájú ilé yẹn.

Ọ̀kadà kan ló wá dúró lójú ọ̀nà. Títí ló bọ́ sílẹ̀. Kò mú àpò, sálúbàtà inú ilé ló wọ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ìyá Kẹ́hìndé ló pè é láàárọ̀ láti bá a yọ̀ pé bàbá rẹ̀ ń gbé ìyàwó. Ó ní orí òun gbóná débi pé òun ò lè wa mọ́tò, bọ́ọ̀sì lòun wọ̀ dé Ṣàgámù, láti ọ̀nà lòun sì ti ń pè mí tí mi ò gbé e. Ó la àárín àwọn obìnrin kọjá, ó dúró níwájú mi. Kò kúnlẹ̀.

"Dádì, ta ni ẹ fẹ́ gbé wọnú ilé Mọ́mì?"

Ẹni tó ń rin ewùrà dá ọwọ́ dúró. Mo wo ojú ọmọ mi, mo sì rí i pé bí mo bá tún sọ pé ẹ óò rí i tó bá yá, màá sọ ọ́ nù.

"Mi ò gbé ẹnikẹ́ni. Àpáta ni mò ń fọ́, kí mọ́tò ẹ lè máa wọlé. Àárò ẹ ń sọ mí, Títí. Ilé yìí ti dákẹ́ jù."

Mo ti sọ ọ́, lójú gbogbo àdúgbò, pẹ̀lú irun ojú ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Kẹ́hìndé gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wo ibòmíràn. Títí rìn yí àpáta ká, ó wo ibi tí iná ti jó. Nígbà tó padà wá, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni mọ́tò ń gbà."

Mo ní atẹ́gùn ni. Ó ní, "Dádì," kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwa méjèèjì mọ ẹni tó ń jókòó síhà ọ̀nà. Ó wá lọ jókòó síbẹ̀, sórí ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń gbọn eruku.

"Mọ́tò kọ́, Dádì. Tí mo bá ti fọn fèrè níbi kọ́nà yẹn, Mọ́mì á dìde níbí, á gbọn ìró rẹ̀, á máa bọ̀ wá pàdé mi. Lọ́jọ́ tí mo ha mọ́tò, mo fọn fèrè. Mo ń wo ibí yìí bóyá ẹnì kan á dìde. Ohun tí mo ń wò tí mi ò fi wo ọ̀nà nìyẹn. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ fún yín, mo bá ní àpáta ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò rí i kó sunkún rí. Mo gbàgbé àpáta, mo gbàgbé àlejò, mo gbàgbé okùn tí mo tú. Ọmọ mi ń sunkún, mo sì dìde láti lọ gbá a mọ́ra. Èmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣòkòtò dúró sí ibi tí àpáta ti dì í mú.

Ariwo tó sọ kì í ṣe kékeré. Àwọn obìnrin kọ ẹ̀yìn sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, Alàájì fi abọ́ obì bo ojú, Ìyá Kẹ́hìndé nìkan ni kò yí padà. Ó tú ìborùn ejìká rẹ̀, ó jù ú sí mi, ó ní òun ti wẹ ọmọkùnrin tó pọ̀ ju èyí lọ. Títí tó ń sunkún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ ọn lọ́fun títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìborùn náà ò kárí, ṣùgbọ́n mo dúró tì í níbẹ̀, mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo fi èkejì di ìborùn mú.

Wọ́n fi ewùrà náà se ìkọ́kọrẹ́ lórí iná àpáta. A jẹ ẹ́ lórí àpáta náà, Títí àti Ìyá Kẹ́hìndé jókòó síhà ọ̀nà, àwọn tó ń ti oko bọ̀ yà bá wa, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n gbọ́ ìtàn, wọ́n sì jókòó. Títí sùn lórí fóòmù tuntun mọ́jú ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ó le jù. Lẹ́yìn ìsìn, ó padà sí Èkó, ọgbà náà sì tún dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó máa ń wá báyìí. Iwájú ilé Alàájì ló ń gbé mọ́tò sí, á sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Kì í wá tó bí mo ṣe fẹ́, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ni, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Àpáta wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àkísà ṣòkòtò kan sì yọ láàárín ibi tó sán, tí ẹnikẹ́ni ò lè fà jáde títí di òní. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, pé àpáta rọrùn fún mi láti fọ́ ju kí n la ẹnu kí n ní kí èèyàn wá bá mi jókòó. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ń la ẹnu níwájú ọmọ-ọlọ́mọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé tún dákẹ́ jù. Mo jókòó títí, rédíò ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kẹ́hìndé, mo ní mo fẹ́ yá dúrọ́ọ̀mù. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó dúró díẹ̀ lórí ṣòkòtò mi.

"Tíṣà, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi pé ẹ óò rí i tó bá yá. Mo gbé e mì.

"Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá jókòó."

Ó wọlé, ó gbé àpótí rẹ̀ jáde pẹ̀lú abọ́ ẹ̀gúsí tí kò tíì bó, ó sì ṣáájú mi lọ síbi àpáta. Èmi náà tẹ̀ lé e, mò ń rẹ́rìn-ín ara mi, mo sì ń fọwọ́ nu ojú. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí eérú kankan níbẹ̀ tí mo lè fi ṣe àwáwí.